Ìròyìn Ò Tó Àfojúbà? Ọ̀rọ̀ lórí Àwọn Ìtàn Wíwo Táígà ní Íńdíà

Irú àròkọ ìrìn-àjò kan wà tí mo ti ń kà tipẹ́, tí mo sì lè sọ bí yóò ṣe parí kí n tó ṣí ojú ewé kejì. Ẹni tó kọ ọ́ lọ sí Íńdíà láti lọ wo táígà nínú igbó. Ó jí ní ìdájí, òtútù ń mú un, ó wọ jíìpù tí kò ní òrùlé, dírẹ́bà sì gbé wọn wọ inú eruku. Wọ́n rí àgbọ̀nrín, wọ́n rí ọ̀kín, wọ́n rí ọ̀bọ, kò sí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn nínú gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú ohun méjì á ṣẹlẹ̀. Táígà lè yọ, kí òǹkọ̀wé wá sọ fún wa pé ojú òun àti ojú ẹranko náà ṣe mẹ́rin, pé orí òun wú. Ó sì lè má yọ, kí òǹkọ̀wé fi ọ̀rọ̀ dídùn tu ara rẹ̀ nínú pé afẹ́fẹ́ igbó nìkan náà tó owó tí òun san. Ìtàn parí. Bó jẹ́ Ranthambhore, bó jẹ́ Kanha, bó jẹ́ Bandhavgarh, orúkọ igbó nìkan ló ń yàtọ̀.

Àwọn àgbà wa ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Orí òwe yìí ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ dúró lé, bí ẹni tó kọ ọ́ ò tilẹ̀ gbọ́ Yorùbá rí. Mo lọ, mo rí i, mo ya fọ́tò rẹ̀, kí lẹ tún fẹ́? Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni pé nínú igbó táígà, òwe yẹn nìkan ò tó. Ẹni tó bá fi ojú nìkan lọ síbẹ̀ lè rí ẹranko náà kó má sì mọ ohun tó rí. Etí ló ń ṣáájú ojú nínú igbó yẹn, ìròyìn àwọn tó ń gbé létí igbó ló sì lè sọ ohun tí àfojúbà àlejò ò lè sọ láéláé. Àròkọ tí ìròyìn wọn kò bá sí nínú rẹ̀, àbọ̀ ìtàn ni, bó ti wù kí fọ́tò inú rẹ̀ dára tó.

Ẹkùn kọ́ ni táígà

Ká tó wọ inú igbó, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń pe táígà ní ẹkùn, mo sì mọ̀ pé àwọn kan máa bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń lo ọ̀rọ̀ àyálò nígbà tí Yorùbá ní tirẹ̀. Ìdí rẹ̀ rèé. Ẹkùn tí àwọn ọdẹ wa mọ̀, tí a fi ń ki akọni, àmì roboto kéékèèké ló kún ara rẹ̀. Ìlà ló wà lára táígà, ìlà dúdú gbọọrọ lórí awọ tó pọ́n bí ọsàn, ó sì tóbi ju ẹkùn lọ dáadáa. Kò sí táígà nínú igbó Áfíríkà kankan. Éṣíà ni ilé rẹ̀. Ní Íńdíà, àwọn méjèèjì ló wà, nígbà mìíràn nínú igbó kan náà.

Ẹ má rò pé àríyànjiyàn onímọ̀ èdè lásán ni mo ń fà. Jim Corbett, òǹkọ̀wé tí a fẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ báyìí, ṣàlàyé pé táígà tó bá ti ń jẹ èèyàn kì í bẹ̀rù èèyàn mọ́, ojúmọmọ ló ti ń wá ẹran rẹ̀. Ẹkùn tó ń jẹ èèyàn kì í borí ẹ̀rù yẹn, òru ló máa ń wá, títí kan pé kó wọlé tọ èèyàn lórí ibùsùn. Bí àwọn ará abúlé ṣe ń ṣọ́ra, ìgbà tí wọ́n lè lọ sóko, ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn, orí ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí a bá pe àwọn méjèèjì ní ẹkùn, ìwé ọkùnrin náà ò ní yé wa. Nítorí náà, lórí ojú ewé tèmi, táígà ni táígà, ẹkùn sì ni ẹkùn.

Ìwé Corbett

Nínú àwọn ìwé tó wà nídìí irú ìtàn yìí, bóyá ni a fi lè rí èyí tó lókìkí tó Man-Eaters of Kumaon tí Corbett gbé jáde ní 1944. Naini Tal, ní ìsàlẹ̀ òkè Himalaya, ni wọ́n bí i sí ní 1875, nínú ìdílé òyìnbó tó ti fìdí kalẹ̀ sí Íńdíà. Ọdẹ ni. Wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè é pé kó wá pa táígà tàbí ẹkùn tó bá ti ń jẹ èèyàn. Ìtàn àkọ́kọ́ nínú ìwé náà dá lórí abo táígà Champawat tó pa ní 1907, èyí tí wọ́n ní ó ti pa èèyàn 436 ní Nepal àti ní Kumaon.

Ẹni tí kò bá tíì ka ìtàn náà á rò pé ìjà ọdẹ àti ẹranko ló kún inú rẹ̀. Rárá o. Ẹ lọ kà á, kí ẹ wo bí ẹranko ọ̀hún gan-an ṣe máa ń yọ sí wa fìrí, kó tún lọ. Èèyàn ló kún ibẹ̀. Corbett dé abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Pali, ó bá àwọn ará ibẹ̀ tí wọ́n ti ti ara wọn mọ́lé fún ọjọ́ márùn-ún. Àlìkámà ti gbó lóko, kò sẹ́ni tó lè lọ kó o. Kó tó yin ìbọn kankan, ohun tó kọ́kọ́ fi ìbọn rẹ̀ ṣe ni pé ó gbé e dúró tì wọ́n kí wọ́n lè kórè. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí táígà náà gbé arábìnrin rẹ̀ lọ lójú rẹ̀ kòrókòró, tí kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tí ọdẹ pa ẹranko náà tán, ó gbé awọ rẹ̀ gba abúlé yẹn kó lè fi hàn án. Ohùn obìnrin náà padà.

Ọjọ́ tí wọ́n pa á náà, ọdẹ nìkan kọ́ ló lọ. Tahsildar, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti owó orí ní agbègbè náà, ló kó ọkùnrin bí 300 jọ láti lé ẹranko náà jáde. Wọ́n gbé ìlù wá, wọ́n gbé àáké wá, wọ́n gbé ìbọn wá, tahsildar sì jẹ́ kó yé wọn pé òun ò ní béèrè ìwé àṣẹ ìbọn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn púpọ̀. Gbólóhùn kéré ni, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ̀ pé ìbọn tí ìjọba ò mọ̀ sí ti wà nílẹ̀ lábúlé tipẹ́, pé àwọn èèyàn yẹn kì í ṣe ẹni tó kàn ń dúró de olùgbàlà.

Ohun kejì tí mo yìn nínú ìwé Corbett ni etí rẹ̀. Ó mọ ohùn tí àgbọ̀nrín máa ń ké bó bá rí táígà, ó mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí èyí tó máa ń ké fún ẹkùn tàbí fún ejò. Ó mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Ìwé rẹ̀ mìíràn, Jungle Lore, tó jáde ní 1953, bí ó ṣe kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn láti kékeré ló dá lé. Lójú mi, ìwé yẹn ló dára jù nínú gbogbo ohun tó kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkìkí rẹ̀ ò tó ti àkọ́kọ́. Ọmọ ilé ọdẹ níbikíbi máa kà á, á sì mi orí.

Ibi tí mo ti ń bá Corbett jà rèé. Nígbà tó yẹ ẹnu abo táígà Champawat wò, ó rí i pé eyín gígùn apá ọ̀tún ti ṣẹ́, tòkè tìsàlẹ̀. Ọta ìbọn àtijọ́ ló ṣẹ́ ẹ. Corbett fúnra rẹ̀ ló sọ pé ọgbẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kó lè pa ẹran igbó mọ́, tó fi yíjú sí èèyàn. Ẹ gbọ́, ta ló yìnbọn náà? Kò wádìí rẹ̀. Lábẹ́ ìjọba tí ọdẹ yìí ń bá ṣiṣẹ́, àwọn ọ̀gá òyìnbó àti àwọn ọba Íńdíà ń fi táígà pípa ṣe eré ìdárayá. Ẹni tó bá pa púpọ̀ ló gbayì. Ẹranko tí ìbọn bà tí kò kú á fara gbọgbẹ́ sálọ, á sì di gbèsè sọ́rùn ará abúlé tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ wà lójú ewé Corbett, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì rìn kọjá lára rẹ̀. Ó rí eyín, kò béèrè ọwọ́ tó ṣẹ́ ẹ. Àṣà yẹn ni àwọn tó tẹ̀ lé e jogún, wọ́n sì da ohun rere tó wà nínú ìwé rẹ̀ nù.

Ìbọn di kámẹ́rà

Ní 1936, wọ́n dá igbó ìjọba àkọ́kọ́ irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Íńdíà, ní ẹsẹ̀ òkè Kumaon. Hailey ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é, orúkọ gómìnà òyìnbó. Lẹ́yìn tí Corbett kú sí Kenya ní 1955, orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n wá fi pè é títí dòní. Ní 1972, òfin ààbò ẹranko ìgbẹ́ jáde, wọ́n sì ka táígà 1,827 ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹrin 1973 ni ìjọba Indira Gandhi bẹ̀rẹ̀ Project Tiger nínú igbó Corbett yìí kan náà. Igbó mẹ́sàn-án ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Láti ìgbà náà, kámẹ́rà ló kù tí àlejò lè gbé wọlé. Ṣùgbọ́n ìtàn ò yí padà. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà ni wọ́n ń lò fún yíyìnbọn àti yíya fọ́tò, ó sì hàn nínú bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn: a tọ ipasẹ̀, a lúgọ, a kò ó lójú, a mú nǹkan bọ̀ wálé. Awọ lara ògiri ti di fọ́tò lórí Facebook. Ohun tí wọ́n yọ kúrò nínú ìtàn Corbett ni abúlé Pali, ìyẹn àwọn èèyàn tí ọ̀ràn kàn. Ohun kejì tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ tán ni etí.

Ẹ jẹ́ ká fi Ranthambhore ṣe àpẹẹrẹ. Ó wà ní ìpínlẹ̀ Rajasthan, lẹ́bàá ìlú Sawai Madhopur. Igbó gbígbẹ ni, òkúta pọ̀ níbẹ̀, adágún omi wà láàárín rẹ̀, odi ńlá àtijọ́ sì wà lórí àpáta tó ń wo gbogbo rẹ̀. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń wọlé. Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní Gypsy ń gba àlejò mẹ́fà, canter tó dà bí ọkọ̀ akẹ́rù ń gba ogún. Wọ́n ti pín igbó sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, ọ̀wọ́ tí wọ́n bá kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ lo máa lọ. Gáìdì kan jókòó ti dírẹ́bà. O ò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Mo ti jókòó nínú irú ọkọ̀ yẹn rí, ohun tó sì gba ọkàn mi jù ni ìgbà tí gáìdì gbé ọwọ́ sókè, tí dírẹ́bà pa ẹ́ńjìnnì. Gbogbo wa ń wo ọ̀tún wo òsì. Gáìdì ò wo ibì kankan. Ó ń gbọ́. Ọ̀bọ onírù gígùn tí wọ́n ń pè ní langur máa ń jókòó sókè igi, àgbọ̀nrín alámì tí wọ́n ń pè ní chital á sì wà nísàlẹ̀, tó ń jẹ ewé tí ọ̀bọ bá já sílẹ̀. Ọ̀bọ ló ń ríran jìnnà, àgbọ̀nrín ló ń gbóòórùn. Bí ọ̀kan bá ké, èkejì á gbé orí sókè. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tètè máa ń ba chital, ó lè ké lásán. Sambar, àgbọ̀nrín ńlá dúdú, kì í sábà ké bí kò bá rí nǹkan. Bí sambar bá ń ké léraléra, tí kò sì sá, gáìdì á mọ̀ pé táígà ń rìn, á sì máa fọkàn bá ìrìn rẹ̀ lọ láti igi dé igi. Ìmọ̀ ńlá nìyẹn. Ẹni tó ní in jókòó síwájú mi, ó sì ń retí owó ẹ̀bùn.

Nígbà tí mo padà délé, mo tún wá àwọn àròkọ ìbẹ̀wò wọ̀nyẹn kà. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, "gáìdì wa" ni ọkùnrin náà. Ó "ní ojú tó mú". Ojú kẹ̀! Etí ló fi rí i. Òǹkọ̀wé tó jókòó tì í fún wákàtí mẹ́ta ò mọ iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe.

Kí ló wá burú níbẹ̀? Ṣé kì í ṣe àròkọ ìgbafẹ́ lásán ni? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ìtàn tí a ń kà ló ń kọ́ àlejò ohun tó yẹ kó béèrè. Àlejò tó ti ka irú ìtàn yẹn mẹ́wàá mọ̀ pé òun á rí táígà ni, ó sì ń sọ ọ́ fún dírẹ́bà. Dírẹ́bà mọ̀ pé owó ẹ̀bùn ń bẹ lórí táígà, kò sí lórí langur. Bí ẹnì kan bá rí ẹranko náà, ọkọ̀ á rọ́ dé láti ọ̀nà gbogbo, wọ́n á to ara wọn jọ, àwọn tó wà lẹ́yìn á máa dìde lórí ìjókòó. Ní Kanha, àgbọ̀nrín oníwo púpọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní barasingha. Ní 1970, 66 péré ló ṣẹ́kù níbẹ̀ nínú irú tó ń gbé orí ilẹ̀ líle. Wọ́n tọ́jú wọn títí wọ́n fi tún pọ̀ sí i. Ọkọ̀ ń sáré kọjá lára wọn nítorí wọn kì í ṣe táígà.

Àwọn tí ìtàn ò dárúkọ

Igbó Ranthambhore tí àlejò ń wò pé ó dá páropáro yẹn, abúlé wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn 1973, wọ́n kó àwọn abúlé kan kúrò. Fateh Singh Rathore, ọ̀gá igbó tí gbogbo ìwé ń yìn, òun ló ṣe iṣẹ́ náà. Akin ọkùnrin ni, mi ò sì fẹ́ bu iṣẹ́ rẹ̀ kù: bí kò bá sí i, ó ṣeé ṣe kí táígà má sí níbẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n ní 1981, àwọn ará abúlé tó yí igbó náà ká lù ú ní àlùbami. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ìtàn yẹn ni pé akọni kan jìyà lọ́wọ́ aláìmọ̀kan. Ìbéèrè tí lámèyítọ́ gbọ́dọ̀ bi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni èyí tí mo bi Corbett lórí eyín: kí ló dé ibẹ̀? Ẹni tí màlúù rẹ̀ ti ń jẹko níbì kan látọjọ́ baba ńlá rẹ̀, tí wọ́n wá sọ fún lọ́jọ́ kan pé olè ni bó bá wọbẹ̀, ṣé a lè gbọ́ ohùn tirẹ̀ náà?

Ẹ wá wo Machli. Abo táígà ni, orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ẹja ní èdè Híńdì, nítorí àmì kan tó wà lójú rẹ̀. Ó bá ọ̀nì jà, ó borí, àwọn èèyàn sì ya fọ́tò rẹ̀ débi pé wọ́n ń sọ pé kò sí táígà kankan láyé tí wọ́n ya tó o. Nígbà tó kú ní oṣù Kẹjọ 2016, wọ́n fi òdòdó sí i lára, wọ́n sun ún ní ìlànà ẹ̀sìn Híńdù. Ní oṣù Karùn-ún 2015, táígà mìíràn tí wọ́n ń pè ní Ustad pa ẹ̀ṣọ́ igbó kan ní Ranthambhore kan náà, ìjọba sì gbé e lọ sí ọgbà ẹranko ní Udaipur. Ariwo ta káàkiri ayé, ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́: ṣé ó tọ́ kí wọ́n ti táígà mọ́lé láìjẹ́ pé wọ́n fi ẹ̀rí hàn? Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ àròkọ tí mo kà lórí ẹjọ́ yẹn, ìtàn ìgbésí ayé Ustad gba ojú ewé, ti ẹ̀ṣọ́ tó kú gba gbólóhùn kan. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ. Nínú igbó yìí, ẹni tó jẹ ìṣẹ́ tó jẹ ìyà kọ́ ni wọ́n pín ẹran fún.

Ohun mìíràn tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí. Nínú odi Ranthambhore, tẹ́ńpìlì Ganesh olójú mẹ́ta kan wà. Àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó máa ń fi ìwé ìpè àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí òrìṣà náà, ọ̀nà pósí ni wọ́n sì ń gbà fi ránṣẹ́. Lọ́dọọdún, nígbà àjọ̀dún Ganesh, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń gba inú ilẹ̀ táígà lọ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ń fẹsẹ̀ rìn. Àwọn náà ń bẹ igbó yẹn wò, ó sì ti pẹ́ tí irú wọn ti ń lọ kí Project Tiger tó dé. Wọn ò wá táígà lọ. Nínú àròkọ àlejò, bí wọ́n bá tiẹ̀ dárúkọ wọn rárá, ariwo àti ìdọ̀tí ni wọ́n máa ń kà sí wọn lọ́rùn. Ìbẹ̀wò méjì ló wà nínú igbó kan, ọ̀kan ṣoṣo ni ìwé ń kọ.

Ìwé ìgbìmọ̀ tó ju ìwé arìnrìn-àjò lọ

Bí ẹ bá bi mí pé ìwé wo ló sọ òótọ́ jù nípa wíwo táígà ní Íńdíà, mo máa dárúkọ ohun tó lè yà yín lẹ́nu: ìròyìn ìgbìmọ̀ ìjọba ni. Sariska, igbó táígà mìíràn ní Rajasthan, ni wọ́n ti rí i láàárín 2004 sí 2005 pé kò ku táígà kankan. Àwọn apẹran lóru ti pa gbogbo wọn tán, bẹ́ẹ̀ lórí ìwé, iye tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kọ sílẹ̀ ṣì dára. Ìgbà yẹn, ipasẹ̀ ni wọ́n fi ń kà wọ́n. Olórí ìjọba, Manmohan Singh, gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, Sunita Narain ni alága. Joining the Dots ni wọ́n pe ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 2005.

Mo yìn ín gẹ́gẹ́ bí ìwé, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí òfin nìkan. Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé nínú igbó àti létí igbó. Ó tọpa owó àlejò, ó sì sọ pé owó hótẹ́ẹ̀lì tó yí igbó ká kì í sábà dé ọwọ́ abúlé tí táígà ń jẹ màlúù wọn. Ó tún fi ìjà inú ilé hàn: Valmik Thapar, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀wé lórí táígà Ranthambhore, kọ̀ láti fara mọ́ ọn. Ó kọ èrò tirẹ̀ sínú ìwé náà pé èèyàn àti táígà ò lè jọ pín ilẹ̀ kan, pé táígà gbọ́dọ̀ ní ibi tí èèyàn ò sí. Èmi ò gbà pẹ̀lú rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ohùn méjì wà nínú ìwé náà, òǹkàwé sì lè dájọ́ fúnra rẹ̀. Ìyẹn gan-an ni àròkọ ìbẹ̀wò kì í fún wa.

Ṣé ká má lọ mọ́ ni?

Àwọn kan máa sọ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n tún ti ń le koko mọ́ àwọn tó kàn fẹ́ gbádùn ara wọn. Àtakò wọn ní ìtumọ̀, ẹ jẹ́ kí n gbé e kalẹ̀ dáadáa. Wọ́n á ní ojú àlejò ń ṣọ́ igbó, pé ibi tí ọkọ̀ ń lọ lójoojúmọ́ kò rọrùn fún apẹran. Wọ́n á ní gáìdì, dírẹ́bà àti alásè ń jẹun nídìí rẹ̀. Wọ́n á tọ́ka sí iye: táígà 1,411 ni wọ́n ṣírò ní 2006 nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kámẹ́rà inú igbó kà wọ́n, ní 2022, ìṣirò ti di 3,682. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Íńdíà dá ìbẹ̀wò dúró láàárín gbùngbùn igbó táígà ní oṣù Keje 2012, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ké pé iṣẹ́ àwọn ti bọ́. Ní oṣù Kẹwàá, wọ́n ṣí i padà pẹ̀lú ìlànà pé ibi tí àlejò lè dé kò gbọ́dọ̀ kọjá ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún gbùngbùn náà.

Mo gbà pé kí èèyàn máa lọ. Ṣùgbọ́n àlejò ń lọ sí Sariska nígbà tí wọ́n ń pa táígà ibẹ̀ tán, ojú wọn ò ṣọ́ nǹkan kan. Panna náà ní àlejò, kò sì ku táígà kan níbẹ̀ nígbà tó fi di 2009. Láti ibòmíràn ni wọ́n ti tún kó wọn wá. Ojú àlejò ń ṣọ́ ibi tí ọkọ̀ ń gbà nìkan. Ẹni tó lè ṣọ́ ìyókù ni ẹni tó ń gbé ibẹ̀, tó mọ àjèjì tó bá wọ̀lú, tí ọ̀rọ̀ igbó náà sì kàn. Bí ẹni náà bá ń wo táígà gẹ́gẹ́ bí ohun tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ baba òun tó sì ń pa owó fún ẹlòmíràn, kí ló máa fi ṣọ́ ọ? Ìdí nìyí tí mo fi ní ọ̀rọ̀ àròkọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà èdè lásán. Ìtàn tó bá ń yọ àwọn èèyàn náà kúrò ń ran ìpalára náà lọ́wọ́.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo fi ń wọn irú àròkọ yìí báyìí. Ṣé ó lè dá dúró bí táígà ò bá yọ? Ṣé ó mọ iṣẹ́ gáìdì, àbí ó kàn mọ ojú rẹ̀? Ṣé ó sọ ẹni tó ń gbé ilẹ̀ náà kí ọkọ̀ àlejò tó dé? Corbett, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀sùn tí mo kà sí i lẹ́sẹ̀, gba máàkì nínú méjì àkọ́kọ́, ó sì gbìyànjú níbi ìkẹta. Ọ̀pọ̀ àròkọ tòní ò gba nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ kámẹ́rà wọn dára ju tirẹ̀ lọ fíìfíì.

Mo mọ̀ pé ó wà nínú ẹ̀yin òǹkàwé mi tó ń múra ìrìn-àjò Íńdíà, àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti ní Houston pàápàá ti ń bi mí léèrè. Ẹ lọ, ẹ má bẹ̀rù. Àárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án ni òjò ń rọ̀, àwọn igbó náà sì máa ń ti gbùngbùn wọn, nítorí náà ẹ wá ìgbà mìíràn. Ẹ ka Jungle Lore kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí dírẹ́bà bá pa ẹ́ńjìnnì, ẹ di ẹnu, kí ẹ ṣí etí. Bí ẹ bá jáde kúrò nínú igbó, tí ẹ jókòó tí tíì dé, ẹ bi gáìdì yín ibi tí bàbá rẹ̀ ń gbé kí ibẹ̀ tó di igbó ìjọba. Bó bá dáhùn, ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó gbé fọ́tò yín síta.